Bí a ṣe ń fi ẹlòmíràn ṣáájú: ìtọ́sọ́nà fún Kristẹni tó ti mọ ìdọ̀bálẹ̀ tán

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbéra láti Ìlọrin lọ síbi ìkórè ìjọ wa nílé. Agbádá tuntun ni mo wọ̀, apá rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ kúrò lójú. Kí a tó kọjá Ajàṣẹ́-Ìpo ni mo ti yan ibi tí mo máa jókòó sí lọ́kàn mi. Mo wọlé, mo lọ tààrà sí àga tìmùtìmù kan níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mo gbà pé mo tó bẹ́ẹ̀: ọmọ ìlú ni mí, díákónì ni mí, Ìlọrin ni mo sì ti wá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọbìnrin ọ́ṣà kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, wá kúnlẹ̀ síwájú mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, alága ìkórè ló ni àga yẹn." Mo dìde. Ìlà kejì ti kún, ìkẹta ti kún. Mo ń rìn lọ sẹ́yìn, agbádá ń gbálẹ̀, ojú gbogbo ìjọ wà lára mi, títí mo fi bá ara mi lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, lábẹ́ kánópì tó wà níta.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ni mo ka Lúùkù orí 14 sétí ìjọ wa ní Ìlọrin ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, níbi tí Jésù ti sọ pé bí wọ́n bá pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó, kó má lọ jókòó sípò ọlá, kí onílé má bàa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo kà á dáadáa, mo tiẹ̀ sinmi níbi tó yẹ kí n sinmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lé ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ má rò pé mo ti di ọ̀gá nídìí rẹ̀, n kò tíì ṣe fúrídọ́ọ̀mù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbà. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìtẹríba. Láti kékeré la ti ń dọ̀bálẹ̀, tí àwọn obìnrin wa ń kúnlẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí wọ́n ti bí mi, ọmọ tó bá kí àgbà lórí ìdúró, orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wa láti rò pé a ti mọ èyí tí Bíbélì ń wí. Àmọ́ àyà lè wà nílẹ̀ kí ọkàn ṣì wà lórí àga tìmùtìmù. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Fílípì ní orí kejì ìwé rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí olúkúlùkù ka ẹnì kejì sí ẹni tó sàn ju òun lọ, kó má sì máa wo tara rẹ̀ nìkan. Nítorí náà ìbéèrè tí mo ń bi ara mi lálẹ́ ni pé, kí ni mo fi sílẹ̀ lónìí kó lè kan ẹlòmíràn? Àwọn àgbà tiẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́nà tiwọn: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ibi tó ti ń ta yín

Ẹ mú ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín. Fún ọjọ́ méje gbáko, ẹ máa kọ gbogbo ìgbà tí gbólóhùn yìí bá kọjá lọ́kàn yín: "Ṣé wọn ò mọ̀ mí ni?" Ẹ má tíì bá ara yín wí, ẹ má tíì gbààwẹ̀ sí i. Ẹ ṣáà kọ ọ́: ọjọ́ wo, níbo, kí ló ṣẹlẹ̀.

Tèmi rèé. Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ìpàdé ka orúkọ mi, kò fi "Díákónì" sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní òdìkejì títì ní Tánkè, ó ní kí n fẹsẹ̀ sọdá, inú mi sì ń sọ pé kò mọ irú ẹni tí òun gbé. Lọ́jọ́rú, ọmọ aládùúgbò wa kí mi, kò yọ nǹkan tó kì bọ etí. Lọ́jọ́bọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ìyànjú gígùn kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ẹnì kan fi àwòrán ewúrẹ́ tó ń wakọ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mọ́kànlá ni mo kọ. Méje nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni.

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti ń gbàdúrà lòdì sí ìgbéraga láti ọjọ́ pípẹ́, owó ni mo sì rò pé ó wà nídìí tèmi. N kò lówó tí mo lè fi gbéraga, ṣé ẹ rí i? Ìyìn ẹnu àwọn ènìyàn ni mo ń jẹ. Tiyín lè jẹ́ ọbẹ̀ tí wọn ò yìn, tàbí àwọn ọmọ yín tí wọn ò tètè pè, tàbí iye èrò tó wá síbi ìsọjí yín. A kì í ro oko tí a kò tíì rìn yí ká. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ yín, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àga

Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjàkadì àga iwájú, gbogbo Kwara ló ń jà á. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì wá tọrọ àga ọ̀tún àti òsì lọ́wọ́ Jésù. Máàkù ní àwọn fúnra wọn ló bèèrè, Mátíù ní ìyá wọn ló wá bá wọn bẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá wọn ni, mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó mẹ́wàá ní Òmù-Àrán.

Ohun tí a lè ṣe kò ṣòro. Bí ẹ bá dé ilé ìjọsìn, ẹ wọ inú bẹ́ńṣì lọ títí dé àárín. Ẹ wò ó bí ó ṣe máa ń rí: ẹni tó kọ́kọ́ dé á di etí bẹ́ńṣì mú, ẹni tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ á máa fò ó kọjá, ìyá arúgbó á gbé ẹsẹ̀ sókè, aṣọ á há. Ẹ fi abẹ́ fáànù sílẹ̀ fún abiyamọ àti arúgbó. Ẹ má fi Bíbélì àti báàgì gba àyè fún ọ̀rẹ́ yín tí kò tíì jí. Bí ẹ bá rí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa bọ́ sí, ẹ dìde fún un, kí ẹ̀yin lọ wá ibòmíràn.

Àrékérekè kan wà níbẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn kí wọ́n lè wá pè wọ́n bọ́ síwájú. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà pẹpẹ, bí ọ́ṣà kò bá tètè rí wọn wọ́n á wúkọ́. Èmi náà ti wúkọ́ rí. Lúùkù orí 14 kan náà ló tú àṣírí wa, nítorí Jésù kò dákẹ́ síbi ọ̀rọ̀ àga. Ó yíjú sí ẹni tó gbà á lálejò, ó ní bó bá ń se àsè, kó pe àwọn òtòṣì, àwọn amúkùn-ún, àwọn afọ́jú, àwọn tí kò ní nǹkan tí wọ́n lè fi san án padà. Ẹ wá fi èyí wo ìwé ìkésíni ìkórè tiwa, kí ẹ sọ fún mi iye amúkùn-ún tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àkókò

Èyí kò gùn. Ẹni tó bá fi ìpàdé sí aago mẹ́rin tó wá dé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń dúró dè é pé ayé tòun ṣe pàtàkì ju tiwọn lọ, bó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tó dé. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni ńlá, ẹ̀ṣẹ̀ náà tóbi sí i, nítorí pé wọn ò ní lè bẹ̀rẹ̀ láìsí yín. Ẹ tètè dé. Bí ẹ kò bá ní lè wá, ẹ pè. Ẹ má sọ pé "mo ti wà ní Póòsì Ọ́fíìsì" nígbà tí ẹ ṣì ń wá bàtà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan iṣẹ́ kan tí kò lórúkọ

Ní alẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Jésù dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnura di àmùrè, ó bu omi sínú àwokòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ eléruku ni wọ́n ń rìn, sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ inú ilé sì ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ wíwẹ̀. Kò sí ìránṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá tó gbà pé òun ni iṣẹ́ náà kàn.

Mo ti wà nínú ìsìn ìwẹsẹ̀ rí. Ó dára, kì í ṣe pé mò ń kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: gbogbo wa la ti fọ ẹsẹ̀ wa mọ́ tóní pẹ̀lú kànìnkànìn kí a tó jáde nílé, àwọn kan tiẹ̀ fi ìpara sí i. Ẹsẹ̀ tó mọ́ la wá ń fi omi tútù rin. Bí a bá ń wá ẹsẹ̀ tó dọ̀tí, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ló wà.

Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí èrò bá ti lọ tán, ìkòkò ìrẹsì mẹ́fà máa ń wà lẹ́yìn ilé, ìdí wọn jóná dúdú. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan náà ló ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà tó nílò omi, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí kànga bá fà. Aláìsàn wà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sùn tì ní wọ́ọ̀dù. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ kò lè rìn, tí kò gbọ́ ìwàásù kan délẹ̀ láti ọdún yìí nítorí pé ita ló ń wà pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ ṣe é fún oṣù kan, pẹ̀lú òfin mẹ́ta tí mo fún ara mi: mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò ní ya àwòrán rẹ̀ sí status, mi ò sì ní ṣe é níbi tí pásítọ̀ máa gbà kọjá.

Bí wọ́n bá wá bá yín níbẹ̀, tí wọ́n dúpẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ní "háà, kí la ṣe, ẹni ilẹ̀ lásán ni wá." Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà láti jẹ́ kí ìyìn pẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹ ní "ẹ ṣé," kí ẹ máa fọ ìkòkò yín lọ.

Júdásì wà nínú àwọn tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ wọn. Mo máa ń gbàgbé ìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo yan iṣẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀kejì, mo yan èyí tó máa ran ẹnì kan lọ́wọ́ tí mi ò fẹ́ràn rárá. Inú mi kò dùn sí i títí oṣù fi parí. Mo kàn ṣe é ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí yín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń padà sílé. Ẹ lè fọ ìkòkò ọgọ́rùn-ún láìní ìṣòro, àmọ́ kí àgbà Yorùbá wo ojú ọmọ tó bí kó ní "mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú", á dà bíi pé ilé fẹ́ wó.

Owó gáàsì sọnù nílé wa, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló wà nílé. Mo bi í, ó ní òun ò rí i. Mo tún bi í, mo ti ń pariwo báyìí, àbúrò ìyá rẹ̀ sì wà ní pálọ̀ tó wá kí wa. Mo pe ọmọ náà ní olè lójú àlejò. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣí ìwé orin mi, owó náà wà níbẹ̀, mo ti fi sàmì sí orin tí a máa kọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ra súyà bọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ fún ọmọ náà, mo bá a ṣàwàdà, mo pè é ní oríkì rẹ̀. Ìyàwó mi wo súyà, ó wò mí, ó ní, "Dádì, ta ni súyà yìí ń bá bẹ̀bẹ̀?" Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní, "Ó dáa o."

Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta kí n tó lè fi ẹnu ara mi bẹ ọmọ náà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, torí pé bí ènìyàn ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àforíjì náà lè di ẹrù mìíràn lórí ẹni tí a ṣẹ̀.

Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe gan-an. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́" kì í ṣe àforíjì. Èmi ní, "Mo ní o mú owó. O kò mú un, èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ sínú ìwé orin. Mo sì pè ọ́ lólè lójú ènìyàn. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú."

Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" sí i. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà, tó bá jẹ́ pé o máa ń tètè dáhùn..." Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín mì níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ gbangba lẹ gbà ṣẹ̀ ẹ́, kọ̀rọ̀ kọ́ lẹ máa gbà bẹ̀ ẹ́. Mo pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo tẹ ohùn síta kí ọmọ náà lè máa gbọ́, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo gbé owó pamọ́. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ náà á kúnlẹ̀, á máa sunkún, á ní "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Dádì, kò burú." Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó di ẹni tó ń tù yín nínú. Ẹ gbé e dìde, ẹ ní, "Ó burú. O ṣé tí o gbọ́." Ẹ má sì bi í lọ́jọ́ kejì bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá tán, á tán.

Jésù ní bí ènìyàn bá mú ọrẹ rẹ̀ wá sídìí pẹpẹ tó rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan kan nínú sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Kò sọ pé arákùnrin tó jù ú lọ nìkan. Ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́? Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín ńkọ́, tó ń jí ní aago márùn-ún kí àwọn ọmọ tiyín tó jí?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó àti orúkọ

Mo fẹ́ràn kí wọ́n pe orúkọ mi níbi ìkórè. Ìyá mi máa ń jó nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ bàbá mi, ijó yẹn sì wà lójú mi títí dòní. Nítorí náà mi ò ní sọ pé kí ìjọ yín fòpin sí i. Ohun tí mo ń ṣe ni pé, fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ mi sí owó kan, mo ń wá ibì kan tí iye kan náà máa bá lọ tí orúkọ mi kò ní tẹ̀ lé e. Àpò ìwé tí kò ní orúkọ. Owó ìdánwò tí a san tààrà fún ilé-ìwé, tí ọmọ náà kò mọ ẹni tó san án. Mátíù orí 6 ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Èmi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kí WhatsApp má mọ̀.

Èyí tó kéré jù wà lọ́jà. Bí ẹ bá dé Ọjà Ìpàta, tí ẹ ti ná tòmátì débi tó yẹ, ẹ má bá ìyá náà jà sí àádọ́ta náírà tó kù. Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má sì sọ fún un pé ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe olórí

Àwọn ará Fílípì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí láti inú ìdè kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Ìlú tí àwọn ológun Róòmù tó ti fẹ̀yìn tì ti gba ilẹ̀ ni ìlú wọn, àwọn tó mọ ipò àti oyè dunjú. Nígbà tó sì di orí kẹrin, Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní inú kan náà. Àwọn méjèèjì ti bá a ṣe làálàá nínú ìhìn rere. Ó jọ pé kò sí ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ kankan nínú ìwé náà tí kò ní ojú ẹnì kan tó ń bá wí. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí ààrẹ àti igbákejì kò kí ara wọn mọ irú ìwé tí Pọ́ọ̀lù ń kọ.

Nílẹ̀ wa níbí náà a ní àpẹẹrẹ. Ní agbègbè Ìlọ́fà, ní Kwara, ni wọ́n ti bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ló ń wà ní iṣẹ́ ìjọba nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928. Èrò tó rọ́ lọ síbi ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 kò ṣeé kà. Bó bá jẹ́ àwa ni, a ti mọ ẹni tó máa jẹ́ Ààrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi (CAC) fìdí múlẹ̀, Isaac Akínyẹlé, ẹni tó wá di Olúbàdàn ní 1955, ló jẹ́ Ààrẹ ìjọ. Babalọlá jẹ́ Ajíhìnrere Gbogbogbò, ipò yẹn náà ló wà títí ó fi kú ní 1959. Ẹni tí ọ̀pọ̀ èrò mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ kò jókòó sórí àga tó ga jù.

Bí ẹ bá ń darí nǹkan kan, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó lè ṣe é bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ẹnì kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ wá fi máìkì lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó. Mo ti darí ẹgbẹ́ akọrin rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ń sáré orin jù, ó ń gbé ohùn tẹnọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń kọ tẹnọ̀ lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ọ̀fun máa ń dùn mí, mi ò sì tíì sọ fún un, àfi ọjọ́ tó bá bi mí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn tí kì í ṣe ara ìjọ yín

Ẹni tó ń gbé ní Ìlọrin kò lè ṣe ìrẹ̀lẹ̀ láàárín àwọn Kristẹni nìkan. Ààfáà ló ń gbé lápá ọ̀tún, Alájì lápá òsì. Àbúrò ìyá yín lè jẹ́ Alájà. Ẹran Iléyá ń wọ ilé wa, ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé wọn.

Bí ẹ bá ń ṣe ìṣọ́ òru, ẹ yí ojú sípíkà sínú. Ọlọ́run gbọ́, aládùúgbò ni kò rí oorun sùn. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ wo ẹnu géètì ẹni tí ẹ gbé mọ́tò dí. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ rántí pé ẹni tó jí fún sààrì ní aago mẹ́rin kò ní lè bá yín ṣe ìpàdé gígùn lọ́sàn-án.

Ẹ sì lọ bi wọ́n léèrè bí ariwo yín bá ń dà wọ́n láàmú. Ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n á ní "rárá o, ẹ máa bá iṣẹ́ Ọlọ́run lọ," torí pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ má gba ìdáhùn yẹn. Ẹ jókòó, ẹ mu omi tí wọ́n bá gbé fún yín, kí ẹ tún bèèrè. Ìgbà kejì ni òtítọ́ máa ń jáde, nígbà mìíràn láti ẹnu ọmọ kékeré ilé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ mọ ohun tí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀

Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, ní Fílípì yìí kan náà, wọ́n na òun àti Sílà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba láìdájọ́, wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní jẹ́jẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní ará Róòmù ni àwọn, wọ́n nà àwọn lójú gbogbo ayé, wọ́n wá fẹ́ lé àwọn jáde ní kọ̀rọ̀? Kí àwọn onídàájọ́ fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Jésù náà, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ gbá a létí níwájú àlùfáà àgbà, ó bi í pé bó bá jẹ́ òtítọ́ ni òun sọ, kí ló dé tó fi gbá òun?

Nítorí náà, ìyàwó tí ọkọ ń lù, ẹ má sọ fún un pé kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá jẹ lówó oṣù mẹ́ta lè béèrè owó rẹ̀ lórí ìdúró. Bí aṣáájú kan bá ń fi ẹsẹ Bíbélì nípa ìrẹ̀lẹ̀ dí yín lẹ́nu kí ẹ má bàa bèèrè ibi tí owó ìjọ wọlé sí, ẹ bèèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀, kó má jẹ́ pé wọ́n já a gbà.

Ọ̀kan kù tó sábà máa ń fara pa mọ́. Pétérù ní Jésù kò ní wẹ ẹsẹ̀ òun láéláé, ó sì dún bí ìrẹ̀lẹ̀. Àwa tí a fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn wá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí orin yẹn gbé àsáró wá. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méje bá kọjá, ẹ padà sí ìwé kékeré tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ tún kọ ọ́ fún ọjọ́ méje. Tèmi lọ sílẹ̀ láti mọ́kànlá sí mẹ́jọ. Ìkíni ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ìkórè, mo ṣì ń lọ sílé lọ́dọọdún. Mo wá ọmọbìnrin ọ́ṣà yẹn rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ó fi mí sára àwọn tó ń to àga. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Àga tìmùtìmù ọjọ́sí wúwo, ènìyàn méjì ló ń gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ń mì, ẹ rọra. Bí ẹ bá fẹ́ wá bá wa gbé e, ẹ wọ aṣọ tó lè dọ̀tí, kí ẹ mú agbádá dání nínú láílọ́ọ̀nù.